Bí a ṣe ń gbé iwájú Toyota 4Runner sókè fún ọ̀nà oko láì ba ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́

Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà oko Òkè-Ògùn lásìkò òjò mọ ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń fi ilẹ̀ ṣe. Táyà wọn á gbẹ́ ipa méjì jinlẹ̀ bíi gọ́tà, àárín á wá yọ gọngọ bí ebè. Bí ọkọ̀ tó wálẹ̀ bá kó síbẹ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò gbé lé ebè náà, táyà á máa yí lófo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń lo Toyota 4Runner ti máa ń pinnu pé a máa gbé iwájú ọkọ̀ wa sókè.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní kí mẹkáníìkì fi sípéésà, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń há àyè kó lè ga, tó máa gbé e ní íǹṣì mẹ́ta sórí ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ náà ga, ó wu ojú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà) ti ya, bọ́ọ̀lù jọ́íńtì òkè (oríkèé tó so àámù mọ́ họ́ọ̀bù) ti ń mì, táyà bá sì ti já sínú kòtò, iwájú á dún gbà! bí ẹni fi òòlù lu irin. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ṣe ti ẹ̀ẹ̀kejì ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

4Runner tí mò ń sọ ni ti 2003 sí 2009. Prado 120 jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, Hilux four-wheel ti 2005 sí 2015 náà sì to ẹsẹ̀ iwájú lọ́nà tó jọ ọ́. Ẹni tó ní Mitsubishi L200 àtijọ́, tàbí púpọ̀ nínú àwọn Hilux four-wheel tó ṣáájú 2005, irin gbọọrọ tó ń lọ́ ló wà níwájú tiwọn dípò sípíríńgì. Bóòtù kan ni wọ́n ń yí láti gbé e sókè. Ohun tí mo bá sọ nípa ṣáàfù, bọ́ọ̀lù jọ́íńtì àti àláínmẹ́ńtì kàn wọ́n, ṣùgbọ́n títú àti dídè rẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí gíga ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú dáadáa. Àámù méjì ló di họ́ọ̀bù, ibi tí táyà so mọ́, mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà láàárín sípíríńgì, àwọn méjèèjì jọ fẹsẹ̀ tẹ àámù ìsàlẹ̀, orí wọn sì so mọ́ ṣáṣí, egungun irin ọkọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn dáadáa: kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó súnmọ́ àárín àámù. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ohun tó nípọn tó íǹṣì kan sórí ṣọ́ọ̀kì, iwájú ọkọ̀ yóò gòkè tó nǹkan bí íǹṣì méjì. Àìmọ èyí ló ń mú kí àwọn èèyàn máa ra irin oní-íǹṣì méjì, kí ọkọ̀ wá ga bí àkàbà.

Irúfẹ́ sípéésà méjì ló wà lọ́jà, iṣẹ́ ibi tí wọ́n ń ṣe kò sì jọra. Èyí àkọ́kọ́ ń jókòó lórí ṣọ́ọ̀kì níta, láàárín rẹ̀ àti ṣáṣí. Kì í dín ìrìn ṣọ́ọ̀kì (bó ṣe lè nà tó àti bó ṣe lè kì tó) kù, ṣùgbọ́n ó ń ti gbogbo ẹsẹ̀ náà sísàlẹ̀. Bí táyà bá já sínú kòtò, yóò sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fẹ́ kó dé. Àámù òkè á wá lu sípíríńgì (òun ni gbà! tí mò ń gbọ́), oríkèé ṣáàfù á sì ká kọjá ààlà. Nígbà tí táyà bá tún gòkè tán, ṣọ́ọ̀kì lè kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí rọ́bà ìdádúró tó gbà á.

Èkejì ń jókòó nínú, lórí sípíríńgì fúnra rẹ̀. Ti èyí ni pé ó ń jẹ ìrìn ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ tí gbogbo ìrìn táyà rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ká ní táyà lè gòkè ní 10, kó sì sọ̀ ní 10. Mẹ́wàá ìsàlẹ̀ yẹn ló fi ń na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá jìn. Bí ẹ bá fi sípéésà inú gbé ọkọ̀ sókè ní 5 sẹ̀ǹtímítà, 20 náà ṣì ni 20. Ọkọ̀ kàn jókòó sókè jù láàárín rẹ̀ ni, 5 péré ló sì kù fún ìsàlẹ̀. Gbogbo kòtò kéékèèké ni ṣọ́ọ̀kì á máa na tán sí. Ọkọ̀ ga lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé ilẹ̀ mọ́, táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò lè fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, bó ti wù kó ga tó.

Ohun tí mò ń lépa nínú iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: kí táyà má kúrò nílẹ̀. Gíga tí mo bá rí nínú rẹ̀, mo gbà á pẹ̀lú ọpẹ́.

Ohun kan tún wà. Dífù iwájú, àpótí gíà tó ń pín agbára sí táyà méjèèjì, so mọ́ ṣáṣí, kì í bá táyà gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, dífù bá a gòkè, táyà kù sílẹ̀, ṣáàfù tó so wọ́n pọ̀ á wá dagun. Bó bá ṣe dagun tó ni oríkèé rẹ̀ á ṣe máa gbóná tó, tí rọ́bà rẹ̀ á máa fi ara gbo ara. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó dúró sí íǹṣì méjì, ìyẹn bíi 5 sẹ̀ǹtímítà. Íǹṣì méjì àbọ̀ ni òpin tí mo lè gbà pẹ̀lú àámù tó bá ọkọ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àámù tuntun, ọ̀rọ̀ dífù àti owó ńlá ló ń pè.

Ìwúwo ló ń yan sípíríńgì

Ọ̀nà tó dáa jù ni kí ẹ pààrọ̀ sípíríńgì àti ṣọ́ọ̀kì pa pọ̀: sípíríńgì tí wọ́n ṣe fún ìwúwo ọkọ̀ yín gan-an, àti ṣọ́ọ̀kì tó gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ìrìn ìsàlẹ̀ lè kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Old Man Emu ti Ọsirélíà máa ń ṣe oríṣiríṣi sípíríńgì fún ọkọ̀ kan ṣoṣo: ọ̀kan fún iwájú tí kò ru nǹkankan, ọ̀kan fún èyí tó ní irin ìdáàbòbò, òmíràn fún irin àti ẹ̀rọ afàwáyà tó ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Irin ìdáàbòbò àti ẹ̀rọ yẹn lè lé ní 50 kílò, orí imú ọkọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ń jókòó sí. Bí ẹ bá ra sípíríńgì tó le jù fún iwájú tí kò ru nǹkankan, ọkọ̀ á ga ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, á sì máa fò lórí òkúta bí ẹyẹ. Bí ẹ bá ra èyí tó rọ̀ jù, ọdún kan kò ní pé tí imú fi máa padà wálẹ̀.

Bilstein 5100 jẹ́ ṣọ́ọ̀kì tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn torí ó ní ipele lára tí ẹ lè gbé àwo sípíríńgì lé. Ó dáa gan-an. Àmọ́ ẹ rántí ìṣirò 20 sẹ̀ǹtímítà wa: ipele tó ga jù lọ máa ń jẹ ìrìn ìsàlẹ̀ bíi sípéésà inú. Ipele àárín ni kí ẹ lò.

Ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ lọ̀ yín. Mi ò ní gbà yín níyànjú fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lè ra àámù tòkunbọ̀ tàbí họ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kí ó sì pẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì dà bí bàtà: ẹni tó ti wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun báyìí, kí ẹ dá sípíríńgì dúró dìgbà míì.

Àwọn ìṣe kan tún wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yẹra fún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà sáàárín sípíríńgì, torí ó ń sọ ibẹ̀ di líle, irin á wá dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná wẹ́dà kan sípíríńgì rárá, bóyá láti nà án tàbí láti gé e. Iná ń pa agbára irin yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin mọ́ àámù ìsàlẹ̀ láti fi gbé ṣọ́ọ̀kì sókè. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já lórí eré, kò sí bíréèkì tó lè gbà yín.

Ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó tú u

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó yẹ. Ẹ kó ẹrù tí kì í gbé inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi èyí tó máa ń gbé ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tépù wọn láti àárín họ́ọ̀bù dé etí mọ́gáàdì lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí atẹ́gùn táyà lè tàn yín jẹ.

Ẹ ó rí i pé apá òsì iwájú, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, wálẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ó wọ́pọ̀ lára 4Runner, kì í ṣe àmì pé ọkọ̀ ti ní jàǹbá. Sípéésà tẹ́ẹ́rẹ́ oní mìlímítà 6 lórí ṣọ́ọ̀kì òsì nìkan máa ń mú un dọ́gba. Ẹ wá a sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí títú ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe eré.

Oríkèé tó ti gbó kò ní yè é

Gíga á fi kún wàhálà gbogbo oríkèé iwájú, nítorí náà èyí tó bá ti ń mì tẹ́lẹ̀ á já. Ẹ gbé iwájú sókè, kí ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́íńtì tàbí béárìn ni. Ẹ dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tún mì í. Bó bá mì báyìí, ẹ wo táírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárì fi ń yí táyà. Ẹ ti irin gbọọrọ bọ abẹ́ táyà kí ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíì máa wo bọ́ọ̀lù jọ́íńtì ìsàlẹ̀. Kò yẹ kó ta pútú rárá. Ẹ wo búṣì àámù bóyá rọ́bà rẹ̀ ti ya. Ẹ fọwọ́ ká rọ́bà ṣáàfù. Bí gírísì bá ti ta sí ara ríìmù nínú, ó ti ya nìyẹn.

Ẹni tó ní 4Runner ti 1996 sí 2002, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sí èyí. Bí wọ́n ṣe gbé bọ́ọ̀lù jọ́íńtì ìsàlẹ̀ tiyín sí, ìwúwo ọkọ̀ ń fà á ya ni, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bó bá gbó tán, ó ń fà yọ ni, táyà á sì ká sábẹ́ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ má ṣe gbé e sókè pẹ̀lú èyí tó ti gbó, kí ẹ sì má ra ayédèrú. Ojúlówó ti Toyota ni kí ẹ wá fún ibi yìí kan náà, kódà bí ẹ bá máa fowó pamọ́ níbòmíì.

Bóòtù méjì méjì tó di àámù ìsàlẹ̀ mú ni wọ́n fi ń ṣe àláínmẹ́ńtì. Lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti ìlú òtútù Amẹ́ríkà wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, bóòtù wọ̀nyí máa ń dípẹtà mọ́ inú búṣì, wọn kì í yí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa fín òróró tó ń tú ìpẹtà sí wọn, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n wà kí ẹ tó gbìyànjú láti yí wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí wọ́n bá fi páìpù gígùn fọ́ nínú búṣì, àámù tuntun ni wọ́n máa fi san án.

Títú u

Ẹ fi òkúta ńlá ti táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá gbé iwájú sókè, kí ẹ gbé ṣáṣí lé sítáǹdì irin méjì. Ẹ má gbé e lé búlọ́ọ̀kù láéláé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń túká. Jáàkì nìkan náà kò tó. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè pa pọ̀, torí bí ẹ bá gbé ọ̀kan ṣoṣo, sítábíláísà, ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún, á máa fa èkejì, iṣẹ́ á sì le.

Ẹ yọ táyà. Ẹ tú línkéèjì sítábíláísà. Ẹ tú ibi tí wáyà ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì) àti híósì bíréèkì ti so mọ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n má bàa nà nígbà tí àámù bá já wálẹ̀. Wáyà ABS yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ iná tó ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́ ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ tú bóòtù kan tó di ìdí ṣọ́ọ̀kì mú mọ́ àámù ìsàlẹ̀. Ẹ tú bóòtù ńlá méjì tó di bọ́ọ̀lù jọ́íńtì ìsàlẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, àámù á lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi wáyà so họ́ọ̀bù mọ́ òkè kó má bàa ṣubú síta, nítorí bó bá fa ṣáàfù jù, oríkèé inú lè yọ.

Ó wá ku òkè. Ẹ ó rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó yí orí ṣọ́ọ̀kì ká, àti ẹyọ kan láàárín. Mẹ́ta tó yí i ká ni kí ẹ tú. Èyí tó wà láàárín, ẹ má fọwọ́ kàn án! Òun ló di sípíríńgì tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá tú nígbà tí wọn kò tíì fi ìdè mú sípíríńgì, yóò fò jáde bí ọta ìbọn, ó sì lè pa èèyàn.

Ẹ rí ọmọ iṣẹ́ kan mú ṣọ́ọ̀kì nísàlẹ̀ kí ẹ tó yọ nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn, ó wúwo.

Pípààrọ̀ sípíríńgì

Ibí yìí ni mo ti máa ń sọ pé kí ẹni tí kò ní irinṣẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ sípíríńgì tó dúró lórí ilẹ̀ ló dáa jù. Èyí tó jẹ́ ọ̀pá méjì tí wọ́n ń fi sípánà yí lè ṣe é, bó bá lágbára, tí ẹ sì fi méjèèjì sí òdìkejì ara wọn, tí ẹ ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ́gba. Okùn, wáyà àti ṣéènì kì í ṣe irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ má kọjú sí orí tàbí ìdí sípíríńgì nígbà tó bá wà ní títẹ̀.

Kí ẹ tó tú u, ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí bí àwo òkè ṣe kọjú sí ihò ìdí ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá to tuntun, kí ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bóòtù òkè àti tìsàlẹ̀ kò ní bára mu, ẹ ó wá máa fi irin fi ipá lọ́ ọ. Ẹ rí i pé ẹnu sípíríńgì jókòó sínú ihò rẹ̀ lórí àwo ìsàlẹ̀. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ òsì àti ọ̀tún sára sípíríńgì, torí àwọn kan ń ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rọ́bà ìdádúró àti rọ́bà àwo òkè, ẹ pààrọ̀ wọn báyìí. Owó wọn kéré sí owó títú u padà.

Dídè é padà

Òdìkejì bí ẹ ṣe tú u lẹ ó gbà dè é, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tuntun gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ó nílò irin gbọọrọ láti tẹ àámù wálẹ̀ kí ihò tó bára mu. Ẹ fi ọwọ́ wé gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fún ẹyọ kan le.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fò nìyí, tó sì ń ba búṣì jẹ́ kí ọdún tó yí. Bóòtù tó bá kọjá nínú búṣì rọ́bà, ìdí ṣọ́ọ̀kì àti ìdí àámù, ẹ má fún wọn le nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ lófurufú. Bí ẹ bá fún wọn níbẹ̀, rọ́bà á gbà pé bí ẹsẹ̀ ṣe ń rọ̀ ni ìdúró rẹ̀. Ọkọ̀ bá wá kan ilẹ̀, á lọ́ mọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ dá táyà padà, kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ wa á síwá sẹ́yìn díẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wọ abẹ́ lọ fún wọn le.

Sípánà oníwọ̀n, èyí tó ń fi hàn bí ẹ ṣe fún nọ́ọ̀tì le tó, ni kí ẹ lò. Fún 4Runner yìí, nọ́ọ̀tì mẹ́ta òkè ń gba 64 Newton-mítà, bóòtù ìdí ṣọ́ọ̀kì 83, bóòtù méjì bọ́ọ̀lù jọ́íńtì ìsàlẹ̀ 160, nọ́ọ̀tì táyà 113. Ẹni tó ní Hilux tàbí ọdún míì, ẹ wo ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tiyín, ẹ má fi tèmi dè é.

Ẹ tún ọkọ̀ gbé sókè kí ẹsẹ̀ rọ̀ tán, kí ẹ wá yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún, dé òpin lósì. Ẹ máa wo híósì bíréèkì: kò gbọdọ̀ nà gan, kò sì gbọdọ̀ kan táyà. Ẹ wo àyè tó wà láàárín àámù òkè àti sípíríńgì. Bó bá jẹ́ pé ìka kan kò lè wọ ibẹ̀, ẹ dín gíga kù.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi irin sọ dífù kalẹ̀ kí ṣáàfù lè tọ́. Fún íǹṣì méjì, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ó ń sọ dífù kalẹ̀ padà síbi tí ebè àárín ọ̀nà ti lè gbá a, nígbà tó sì jẹ́ pé nítorí ebè yẹn la ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè.

Àláínmẹ́ńtì kì í ṣe àfikún

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wa ọkọ̀ lọ ṣe é, ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbígbé iwájú sókè máa ń yí igun mẹ́ta padà, èyí tí wọ́n ń pè ní caster ló sì ń jìyà jù. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárì padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà. Bó bá kéré jù, ọkọ̀ á máa rìn kiri lójú títì, ẹ ó máa bá a jà láti Ìbàdàn dé Ṣakí. Táyà lè má jẹ rárá, kí ọkọ̀ sì ṣòro í wà.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àláínmẹ́ńtì, toe nìkan, ìyẹn bí imú táyà méjèèjì ṣe kọjú sínú tàbí síta, ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n á ní ó ti parí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé caster ni ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Kí wọ́n yí bóòtù àámù ìsàlẹ̀ kí táyà sún síwájú bó bá ti lè sún tó, kí wọ́n mú camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta, súnmọ́ òdo, kí toe wá kẹ́yìn. Bí caster bá lè dé dígírì 3, tí òsì àti ọ̀tún kò fi ju ìdajì dígírì yàtọ̀ síra, inú mi dùn. Ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Bí bóòtù bá ti yí dé òpin tí caster kò sì dé ibẹ̀, àámù òkè tuntun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè ló kù, tàbí kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Èmi á yan èyí kejì.

Ẹ tún iná iwájú ṣe náà. Imú ti gòkè, iná á máa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

Táyà

Bí ọkọ̀ yín bá ń lo 265/70R16, gíga táyà yẹn jẹ́ 777 mìlímítà. Bí ẹ bá gbé 265/75R16 sí i, ó di 804. Dífù á fi ìdajì ìyàtọ̀ yẹn gòkè, bíi 13 mìlímítà. Ó lè dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n táyà nìkan ló ń gbé àámù ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀. Sípíríńgì kì í gbé e rárá. Bí mítà eré bá ń sọ 100, ẹ ti ń sá ju 103 lọ, nítorí náà ẹ fi í sọ́kàn lójú títì. Ẹ yí sítíárì dé òpin nígbà tí ẹ bá ń padà sẹ́yìn, kí ẹ tẹ́tí bóyá táyà ń ha mọ́gáàdì inú. Táyà tó ju èyí lọ, bíréèkì àti gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ níbi tí kò sí ọkọ̀ púpọ̀. Ẹ tẹ bíréèkì gan-an lórí 40, kí ẹ rí i bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ yà, kí ẹ dẹ ọwọ́ lórí sítíárì, kí ẹ wò ó bóyá ó ń padà. Ọkọ̀ tó ga ń tẹ̀ jù tẹ́lẹ̀ ní kọ́nà, nítorí náà ẹ má ru àpò kajú sórí òrùlé mọ́ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn 100 kìlómítà, ẹ padà fi sípánà oníwọ̀n kan nọ́ọ̀tì táyà àti bóòtù tí ẹ tú. Lẹ́yìn 500, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi iná wo rọ́bà ṣáàfù. Sípíríńgì tuntun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Bó bá ti rọlẹ̀ tán, ẹ mú tépù, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín họ́ọ̀bù dé etí mọ́gáàdì, kí ẹ fi í wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí òsì bá ṣì wálẹ̀, ìgbà yìí ni ti sípéésà mìlímítà 6 yẹn, bí ẹ kò bá tíì fi sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sídìí àláínmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín.